Ìgò Òróró

Eilert ni mí, olùṣọ́ iná etíkun ní Skarvoya,
erékùṣù tí oòrùn ń gbàgbé láti yọ lóṣù Kejìlá,
tí àwọn obìnrin ń fi fìtílà la inú ẹja.
Iṣẹ́ mi ò ju ẹyọ kan lọ: kí iná má kùú.
Iná kú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ìjì. Ìjì jà lóòótọ́,
àmọ́ ọtí ni. Mo gbé e mì títí òun náà fi gbé mi mì.
Mo sùn bí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà tó ń tòògbé.
Nígbà tí mo jí, pákó ọkọ̀ wà lórí àpáta,
pákó aláwọ̀ ewé,
tí èmi fúnra mi bá Sivert kùn nígbà ooru.

Sivert, ọmọ Ragna. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Omi ò dá a padà. Fìlà rẹ̀ la sin.

Wọn ò lù mí. Ì bá sàn kí wọ́n lù mí.
Wọ́n kàn ń kí atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ǹṣì mi ló gùn jù:
èmi nìkan ni mo jókòó sí i.
Bí ife Olúwa bá ti ń bọ̀, màá dìde, màá jáde,
màá dúró nínú yìnyín, màá máa ṣírò gbèsè mi:
iye ẹja tí mo lè tà, iye ọdún tó kù fún mi.
Èló ni ọmọ ènìyàn? Ta ló ń díye lé e?
Pásítọ̀ ní Ẹnì kan ti san gbèsè tí Òun ò jẹ.
Mo ní, gbèsè ẹlòmíràn nìyẹn.
Tèmi ní orúkọ. Tèmi dé fìlà.

Ọdún kan kọjá, àti oṣù mẹ́rin.
Lóru ọjọ́ kan, ẹnì kan kanlẹ̀kùn.
Ragna ni, yìnyín kún èjìká rẹ̀.
Ó ti kọjá ilé Joran tó gba iṣẹ́ mi,
ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé iná lọ́wọ́ rẹ̀.
Ìgò kan wà lábẹ́ ìborùn rẹ̀,
òróró ẹ̀dọ̀ ẹja tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ sè,
ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ọmọ tuntun.
Mo wólẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń tò láti ọdún èṣí
ti dé ẹnu mi.
Ó ní, “Dìde, Eilert. Kò sí àyè fún ìyẹn.
Aslak wà lójú omi, afẹ́fẹ́ sì ti yí. Wá tan iná.”

Aslak. Àbúrò Sivert. Èyí tó ṣẹ́kù.

Ọwọ́ mi gbọ̀n. Òróró dà sí mi lọ́wọ́, ó dà sí tirẹ̀.
Ó di ọrùn-ọwọ́ mi mú títí òwú fi gbaná.
Kò sọ pé òun ti gbàgbé. Kò gbàgbé.
Ó jókòó tì mí mọ́jú, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀,
kò bi mí bóyá mo ti fi ọtí sílẹ̀.
(Oṣù mẹ́ta péré ni. Mi ò sọ.)
Ní aago mẹ́fà Aslak gúnlẹ̀,
ó ń ráhùn pé ẹja ò jẹ ìwọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.
Ife ń bọ̀. Mo fẹ́ dìde;
ó ti jókòó lé etí ẹ̀wù mi.
Ọmọ kan tí Bàbá rẹ̀ kò dá sí wà nínú ife náà,
ìyá tí mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀
ló gbé e sí mi lẹ́nu.

Nígbà mìíràn, lóru, mo ṣì máa ń wá gbèsè náà,
bí ahọ́n ṣe ń wá eyín tó ti yọ.
Àyè rẹ̀ ni mò ń bá.
Mo ń pe Sivert lórúkọ,
lẹ́yìn náà mo gun àtẹ̀gùn lọ,
mo bu òróró kún àtùpà.